Ìyá mi wú lẹ́sẹ̀, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni: èwo nínú àwọn àìsàn ọkàn?

Ọmọ Másífà (Ọjọ́ Ajé, aago 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ìgbò níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti ń wú, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò sì ní tètè padà. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, mímí á di ìṣòro. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń tò sẹ́yìn kí wọ́n tó lè sùn, ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń bá wọn lójú fèrèsé ní aago méjì òru, tí wọ́n ń wá atẹ́gùn.

Àwọn ẹbí kọ́kọ́ sọ pé wọ́n tẹ nǹkan tí ẹnìkan dà sí iwájú ìsọ̀ wọn ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la sì fi kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń wẹ ẹsẹ̀ náà. Nígbà tó yá, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, ẹsẹ̀ náà sì fà. Lórí ìwé tí wọ́n kọ fún wa, "àìsàn ọkàn" nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe fà tán, ìyá mi dá oògùn dúró, wọ́n ní ara àwọn ti yá. Kò pé oṣù kan tí gbogbo rẹ̀ fi padà. Ìbéèrè mi ni pé kí ni wọ́n ń pè ní àìsàn ọkàn gan-an? Ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ni? Wọ́n tún ní ká lọ ya àwòrán ọkàn, owó rẹ̀ sì wọ̀ wá lọ́rùn. Ṣé dandan ni?

Nọ́ọ̀sì Àpákè (aago 7:05 àárọ̀)

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, ẹ̀gbọ́n. Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ kánjúkánjú. Bí wọ́n bá ń mí gúlegúle nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, bí ètè tàbí èékánná wọn bá ń ṣú, bí wọ́n bá ń wúkọ́ tó ń yọ ìfófó tó pọ́n díẹ̀, bí àyà bá ń fún wọn bíi pé ohun wíwúwo gùn ún, tàbí bí òòyì bá gbé wọn ṣubú, ẹ má ṣe dúró de èsì ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lónìí. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti LAUTECH wà nílùú yìí, ti Bowen náà wà, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọdún 1907.

Ẹ jọ̀wọ́, èló ni ìfúnpá wọn? Ṣé ẹnikẹ́ni yẹ ìtọ̀ wọn wò? Mò ń béèrè nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ló ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá. Kíndìnrín lè fà á, ẹ̀dọ̀ lè fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó sì ń dùn wọ́n, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ibẹ̀, ìtọ́jú tìyẹn yàtọ̀ pátápátá.

Oníṣègùn Tákìẹ́ (aago 9:30 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wa. Ọmọ Másífà, mo jẹ́ dókítà, àwọn tí ọkàn ń yọ lẹ́nu ni mò ń tọ́jú. "Àìsàn ọkàn" tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn, ibi tó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ibi tó yẹ kó parí sí. Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tó ń ṣí tó ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn, ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tòun fúnra rẹ̀ wá, ó ní ohun tó dà bí wáyà iná tó ń pàṣẹ fún un ìgbà tó máa lù, ó sì ní awọ tó yí i ká. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè bàjẹ́, orúkọ ọ̀tọ̀ sì ni ìbàjẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ẹsẹ̀ wíwú àti àìlè mí dáadáa lórí ìdùbúlẹ̀ jẹ́ oríta tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pàdé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè dúró ní oríta ká sọ pé a ti mọ ọ̀nà tí àlejò gbà wá.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣáájú. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n kó jọ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nínú 100, nǹkan bí 45 ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Àwọn tó jẹ́ pé iṣan ọkàn wọn ló dí, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kò tó 10. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52, ìyẹn àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ṣì ń bọ́ ilé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ìfúnpá bá ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkàn á máa ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju èyí tó yẹ lọ, ògiri rẹ̀ á sì nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ògiri tó nípọn kì í rọ̀ tó láti gba ẹ̀jẹ̀ wọlé. Bó bá sì pẹ́ jù, á fẹ̀, á sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lè tì jáde á dá padà sí ẹ̀dọ̀fóró, omi á máa jò síbẹ̀, mímí á le. Ó lè má dun ènìyàn rárá ní gbogbo ọdún tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá gbé ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bákan náà yẹ̀ wò. Ikọ́ fée, tí wọ́n ń pè ní TB, ló mú òun, kòkòrò rẹ̀ sì wọ inú awọ tó yí ọkàn ká, omi kún àárín awọ náà títí ó fi há ọkàn mọ́, tí ọkàn kò ráyè fẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fún ẹni yìí ní ọ̀pọ̀ oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, bí a ṣe fún ìyá yín, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ọkàn rẹ̀ á tún dín kù, ó sì lè dákú mọ́ wa lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi náà jáde, àti oògùn ikọ́ fée fún oṣù mẹ́fà, ni ìtọ́jú tirẹ̀. Àmì kan náà ni wọ́n jọ ní, ṣùgbọ́n ohun tó ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè pa èkejì lára. Èyí ni mo fi ń dáhùn ìbéèrè yín nípa àwòrán ọkàn: dandan ni.

Echo ni a ń pe àwòrán náà. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ ń rán wọ àyà, tó sì ń gbà padà. Ní 1953 ni Inge Edler àti Hellmuth Hertz kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ wo ọkàn ní ìlú Lund ní Sweden. Kò ní ìrora, ìlànà rẹ̀ dà bí èyí tí a fi ń wo ọmọ inú oyún. Òun ló máa fi hàn wá bí ògiri ṣe nípọn tó, bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì, bóyá omi wà láyìíká, àti ìdá mélòó nínú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá òsì ni ọkàn ń tì jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan. ECG, tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ àyà àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún, owó rẹ̀ dín kù. Ó ń fi hàn bóyá ìlù ọkàn dọ́gba àti bóyá ibì kan nínú rẹ̀ ti kú. Ẹ bá mi yẹ ìtọ̀ wọn wò, àti ẹ̀jẹ̀ wọn fún kíndìnrín, ṣúgà àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó. Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìfúnpá, ìtọ̀ àti ECG ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kí ẹ máa kó owó echo jọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Bàbá Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́ (aago 1:15 ọ̀sán)

Dókítà, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Èmi náà ti rìn ní ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni tèmi. Láti kékeré ni ètè ọmọ náà ti máa ń ṣú tó bá sunkún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bó bá sáré díẹ̀, á dúró, á lóṣòó sílẹ̀, á máa mí gúlegúle. A rò pé ìwà ọmọdé ni. Àwọn kan ní àbíkú ni, ká fín in ní gbẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí dókítà kan gbé ohun ìgbọ́yà sí i láyà, tí ó sì gbọ́ ariwo tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Echo ló fi hàn pé ihò wà láàárín yàrá ọkàn méjì, àti pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há. Lílóṣòó tó ń lóṣòó yẹn, ara rẹ̀ ló fi ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ abẹ ló yanjú rẹ̀. Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Ọdún mẹ́ta tí a fi pè é ní àbíkú ṣì ń dùn mí títí di òní.

Oníṣègùn Tákìẹ́ (aago 2:00 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. Tetralogy of Fallot ni orúkọ ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn. Kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ihò ló ń béèrè iṣẹ́ abẹ. Ihò kékeré tó wà láàárín yàrá méjì ìsàlẹ̀ sábà máa ń dí fúnra rẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ohun tó kù ni kí a máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ abẹ tí a ti ń ṣí ọkàn kì í sì ṣe ohun àjèjì sí Nàìjíríà: ní 1974 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu. Owó rẹ̀ àti ìnira àtirí i gbà ló ṣì ń kó ìrònú bá àwọn òbí.

Ilẹ̀kùn ọkàn tó bàjẹ́ náà kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ọ̀fun tó ń dun ọmọ, tí kòkòrò streptococcus fà, tí a kò tọ́jú dáadáa, lè mú kí ara ọmọ náà dìde gbógun ti ilẹ̀kùn ọkàn òun fúnra rẹ̀. Oríkèé á máa wú láti ibì kan sí èkejì, á lọ, a ó sì gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún bí i mélòó kan, ilẹ̀kùn náà á ti le gbagidi. Ẹni tó bá ti ní in, abẹ́rẹ́ penicillin oníṣẹ́ pípẹ́ ni yóò máa gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ọ̀fun mìíràn má bàa tún dá kún ìbàjẹ́ náà.

Ìyá Ìbejì (aago 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwa abiyamọ. Ó ku díẹ̀ kí ìbejì mi pé oṣù méjì ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn, mi ò lè dùbúlẹ̀, ikọ́ ń mu mí lóru. Gbogbo ènìyàn ní àárẹ̀ ìbímọ ni, pé ẹni tó ń fún ọmọ méjì lọ́mú gbọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí mo lọ sọ pé asthma ni, wọ́n fún mi ní èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu, kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó wá ní kí n lọ ṣe echo ló gba ẹ̀mí mi là.

Oníṣègùn Tákìẹ́ (aago 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá. Peripartum cardiomyopathy ni wọ́n ń pe irú èyí: ẹran-ara ọkàn abiyamọ ló máa ń rọ láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, oyún ìbejì sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣeé ṣe jù. Ní ìhà Àríwá ó wọ́pọ̀ gan-an. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Zaria ti kọ nípa rẹ̀, tí wọ́n sì tọ́ka sí àṣà jíjẹ ẹ̀kọ oníkáún àti sísùn lórí ibùsùn amọ̀ tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ àti ooru ń dá kún iṣẹ́ ọkàn tó ti rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó bá tètè gba ìtọ́jú, ọkàn ń padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lóyún mìíràn kí ẹ tó bá dókítà yín sọ̀rọ̀, nítorí ó lè tún padà, àti pé púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí kò bá ọmọ inú oyún mu.

Ọmọ Àtìbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:00 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìdílé oníṣègùn ìbílẹ̀ ni mo ti wá ní Ọ̀yọ́. Mo gbọ́ gbogbo àlàyé yín, mi ò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn bí a bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé ewé kò mọ nǹkan kan nípa ara wíwú. Bàbá mi àgbà ní àgbo tó ń fa omi ara, ojú mi ló ṣe.

Oníṣègùn Tákìẹ́ (aago 10:45 àárọ̀)

Ọmọ Àtìbà, òótọ́ lẹ sọ, ìtàn kan sì gbè yín lẹ́yìn. Ní 1775, wọ́n béèrè èrò dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Withering, lórí egbòogi ara wíwú tí ìyá àgbà kan ní Shropshire fi pamọ́ fún ìdílé rẹ̀. Ó tó ogún irú ewé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Withering wò ó fínnífínní, ó rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, foxglove, ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́wàá ló fi wo ìwọ̀n tó ń ṣàǹfààní àti ìwọ̀n tó ń pani kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1785, nítorí pé àárín méjèèjì kò jìnnà síra rárá. Láti ara ewé kan tó jẹ́ ìbátan ewé yẹn ni oògùn digoxin ti wá, tí a ṣì ń lò fún àwọn kan títí di òní.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu ewé bàbá yín àgbà. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ìwọ̀n rẹ̀ lè yàtọ̀ láti ìkòkò dé ìkòkò, bí aláìsàn bá sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn tiwa, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí kíndìnrín rẹ̀ yóò ṣe. Kí aláìsàn kankan má ṣe fi èyí tó ń mu nílé pamọ́ fún dókítà rẹ̀; kí dókítà náà má sì ṣe bú u tó bá sọ ọ́, torí tó bá ti bú u lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní sọ mọ́.

Ọmọ Àtìbà (aago 11:20 àárọ̀)

Èyí yé mi dáadáa. Ẹ ṣeun, sà.

Ọmọ Másífà (Ọjọ́ Ẹtì, aago 7:50 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Nọ́ọ̀sì wa, ìfúnpá wọn jẹ́ 178/108. Ìtọ̀ wọn mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn tó, kíndìnrín wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta ẹran kan, a sì ṣe echo lánàá. Wọ́n kọ ọ́ pé yàrá òsì ti fẹ̀, pé ìdá 34 nínú 100 ló ń tì jáde, pé kò sí omi láyìíká ọkàn, ilẹ̀kùn kò bàjẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Oògùn márùn-ún ni wọ́n kọ. Ìyá mi ń béèrè ìdí tí wọ́n á fi máa lo márùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan péré ló mú ẹsẹ̀ wọn fà nígbà àkọ́kọ́.

Oníṣègùn Tákìẹ́ (aago 9:05 alẹ́)

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń ti nǹkan bí 55 nínú 100 jáde tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà 34 kéré, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé dìde. Ìbéèrè ìyá dára púpọ̀. Furosemide, tó ń mú wọn tọ̀, ni wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Omi nìkan ló ń fà. Kò tún ọkàn náà ṣe. Àwọn mẹ́rin yòókù, tí wọn kò ní rí iṣẹ́ wọn lójú, ló ń fa ẹ̀mí gùn. Lisinopril ń dín ẹrù tí ọkàn ń tì kù. Bisoprolol tàbí carvedilol ń jẹ́ kó sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì. Spironolactone ń dènà kí ẹran-ara ọkàn di líle. Dapagliflozin, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kó tó hàn pé ó ń ran irú ọkàn yìí lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fi kún ìwọ̀n wọn, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti potassium. Bí wọ́n bá tún dá a dúró nítorí pé ẹsẹ̀ fà, ibi tí ẹ ti kúrò lẹ ó padà sí.

Apòògùn Arówómọ́lẹ̀ (aago 9:40 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń rí lórí káńtà mi kún un. Ìyá yóò wá ra diclofenac tàbí ibuprofen fún orúnkún tó ń dùn wọ́n, ọ̀pọ̀ ni kì í sì kà á sí oògùn gidi. Oògùn ara ríro wọ̀nyẹn ń mú kí iyọ̀ àti omi dúró sára, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ lisinopril àti furosemide jẹ́. Paracetamol ló dára jù fún wọn. Bí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mu lisinopril, oògùn náà ló sábà máa ń fà á; kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn, kí wọ́n sọ fún dókítà kó fi losartan pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n máa lo furosemide láàárọ̀, kí ìtọ̀ má bàa dá oorun wọn dúró.

Nípa oúnjẹ, kò sẹ́ni tó ní kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ má jẹ àmàlà. Inú ọbẹ̀ ni ìṣòro wà: iyọ̀, magí, àti káún tí a fi ń se ewédú. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé irú èròjà tó wà nínú iyọ̀, tó ń fa omi sára, wà nínú káún náà. Ewédú máa ń fà láìsí káún bí a bá fi ìjábẹ̀ ja á dáadáa. Ẹ ra òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n máa gùn ún láràárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi kìlógíráàmù méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ti ń padà nìyẹn, kí ẹsẹ̀ tó fi hàn. Ẹ pe dókítà.

Ọmọ Másífà (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kìlógíráàmù márùn-ún ló ti lọ lára wọn, ìfúnpá ti wálẹ̀ sí 136/84. Ìrọ̀rí kan ni wọ́n fi ń sùn. Wọ́n ti padà sí ọjà, ṣùgbọ́n àwa la ń bá wọn gbé àpò èlùbọ́. Ohun kan tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wọn tiwọn, mo ní kó wọn tèmi náà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, kò sí ibi tó ń dùn mí. 152/96 ni.

Oníṣègùn Tákìẹ́ (aago 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo yọ̀ fún ìyá. Tí wọ́n bá ti lo ìwọ̀n oògùn tó péye fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, a ó tún echo náà ṣe. Ní tiyín, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi pe ènìyàn ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ tún un wọ̀n ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ gbé apá lé tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà, kí ẹ má ti mu kọfí tàbí gun òkè kó tó di ìgbà náà. Bó bá tún jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa bọ̀ ní ọjọ́ tí ìyá bá ń bọ̀.

Ọmọ Másífà (aago 6:22 ìrọ̀lẹ́)

Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀. A jọ ń bọ̀ ni, sà.